Gíláàsì Ẹ̀ẹ̀mejì: Bí Mo Ṣe Fi Oòrùn Sọ Omi Iyọ̀ Di Omi Mímu

Owó gíláàsì ló ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àpótí tí mo rò pé n ó fi owó táṣẹ́rẹ́ kàn, ìlọ́po méjì ló jẹ mí, ẹ̀bi káfíńtà nìkan sì kọ́.

Etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó là ń gbé, lápá ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò. Omi yí wa ká, omi mímu ò sí. Kànga níyọ̀, bọ́hóòlù níyọ̀. Píọ̀ wọ́tà tí ọkọ̀ ń gbé wá láti Igbókòdá, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì. Lọ́sẹ̀ kan tí ìjì ò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, omi bọ́hóòlù la fi tẹ ẹ̀bà. Àbíkẹ́yìn mi ń béèrè ẹni tó bu iyọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró rí ti mọ iṣẹ́ yìí tán. Oòrùn ló kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi ìdáná: omi iyọ̀ á gbóná nínú àpótí dúdú, ooru rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó bo àpótí náà lórí, á di omi, á ṣàn sínú gọ́tà. Iyọ̀ ò lè bá ooru gòkè. Láti 1872 ni wọ́n ti ṣe é ní Las Salinas, lórílẹ̀-èdè Ṣílè, tí gíláàsì tó ju 4,000 mítà onígun mẹ́rin lọ ń pèsè bíi 20,000 lítà lójúmọ́ fún àwọn awakùsà àti ìbaaka wọn nígbà náà. Gíláàsì méjì péré ni tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú lóròó.

Pákó, ọ̀dà dúdú, páìpù tí a là sí méjì, n ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ọjọ́ kìíní, oòrùn mú ganrínganrín. Gíláàsì làágùn bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Mo ń yangàn, mo pe ará ilé wá wò ó. Nírọ̀lẹ́ mo wo kẹ́ẹ̀gì, omi inú rẹ̀ ò kún ike kóòkì kan. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní bóyá ooru ń jò, mo tún fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí gbogbo etí rẹ̀ títí ilé fi ń rùn bíi fínígà. Ọjọ́ kẹta, pàbó.

Lọ́jọ́ kẹrin mo dojú bolẹ̀ nínú yanrìn, mo fojú sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Ẹ̀kán omi kan á wú, á rìn díẹ̀ bí ìgbín, kó tó dé gọ́tà á já bọ́ padà sínú omi iyọ̀: tó. Òmíràn: tó. Gíláàsì ti tẹ́jú jù! Ìka mẹ́ta péré ni káfíńtà fi jẹ́ kí ẹ̀yìn ga ju iwájú, ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa dáa lójú, èmi náà sì gbà.

A tú u. A gbé ẹ̀yìn sókè títí ó fi fi sẹ̀ǹtímítà 27 ga ju iwájú lọ. A gbé gíláàsì padà lé e, kò kárí. Ìka méjì ló fi kúrú. Ohun tó dagẹ̀rẹ̀ máa ń gùn ju èyí tó tẹ́jú lọ, wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ girama, mo ti gbàgbé. Ni mo bá tún di èrò Igbókòdá. Mo fi fóòmù àtijọ́ dì gíláàsì tuntun méjèèjì, mo fi orúnkún há wọn nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń fò lórí omi, n ò tó bẹ́ẹ̀ kí n yún imú. Mo délé tán, ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ ò bá ti fa pákó ẹ̀yìn wọnú ní ìka méjì ni?" N ò tíì dá a lóhùn títí dòní.

Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí o, ó sì wù mí láti máa wò ó. Omi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo dà nù nítorí òórùn gọ́ọ̀mù. Tí oòrùn bá mú dáadáa, mò ń rí bíi lítà mẹ́fà. Tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, bóyá mẹ́ta. Ẹ kan àpótí tán pátápátá kí ẹ tó wọn gíláàsì. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú inú gíláàsì, ọ̀rá ọwọ́ ò ní jẹ́ kí omi ṣàn. Omi iyọ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà méjì ti tó, èyí tó bá pọ̀ jù kì í tètè gbóná.

Gíláàsì kúkúrú méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e, àmọ́ kó mú ọkọ̀ tirẹ̀ dání.