Jẹ̀díjẹ̀dí Tó Ti Ń Yọ Síta: Ẹ Tètè Lọ Kó Tó Di Ti Ọ̀bẹ

Nítorí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa tó dákú láàárín ebè la ṣe kọ ìwé pélébé yìí. Ọdún méjì ló fi ń ya ẹ̀jẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí wọ́n tó lè wo ìdí rẹ̀ rárá. Kí ló ń lò ní gbogbo ọdún méjì yẹn? Paraga ni. Àràárọ̀.

Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ kò lè dá ohun tó ti yọ síta padà. Ẹ ó ṣu lónìí bí omi, ìgbẹ́ á gbẹ lọ́la, ẹ ó tún máa fi agbára tì í. Títì yẹn gan-an ló ń fa ìdí jáde. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń dá ṣúgà lẹ́bi, ṣúgà kọ́ ló ń fa ìdí jáde.

Ìpele 4 ni jẹ̀díjẹ̀dí ní. Ti àkọ́kọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀ nìkan. Ìkejì ń yọ, ó sì ń padà fúnra rẹ̀. Ìkẹta, ọwọ́ lẹ fi ń tì í wọlé. Ìkẹrin ò wọlé mọ́. Títí dé ìkẹta, wọ́n lè fi rọ́bà ṣe é. Tó bá di ìkẹrin, ọ̀bẹ ló sábà máa ń kù. Ọ̀bẹ tí ẹ torí ẹ̀ fara pamọ́, ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi ń rìn lọ bá a.

Rọ́bà tín-ín-rín ni dókítà máa fi há ọrùn kókó jẹ̀díjẹ̀dí, ìyẹn ẹran tó wú nínú ihò ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ mọ́, kókó á rọ, á já bọ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Wọn kì í kun èèyàn lóorun fún un. Ìnira díẹ̀ lè wà fún ọjọ́ 2. Bí kókó mìíràn bá kù, ẹ ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ ọ́ ṣáájú. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kókó súnkì náà wà, àmọ́ èyí tó ṣì kéré ló wà fún. Bí ibà bá dé lẹ́yìn rọ́bà, tàbí tí ìtọ̀ ò wá, ẹ padà lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́.

Nílé, ẹ jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Omi lásán ni o, ẹ má da apakòkòrò sí i. Ẹ mu ife omi 8 lójúmọ́. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ. Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú 5 lọ ní ṣáláńgá, ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta.

Ẹ̀yin tí ojú ń tì, dókítà ti rí ìdí tó pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ya ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọdún 40, kó má fẹnu ara rẹ̀ pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹjẹrẹ ìfun náà ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó jẹ́ kí dókítà fi ìka wò ó.