Òròmọdìyẹ mi tí òtútù fẹ́ pa ti dìde o

Iná lọ lóru àná, bọ́ọ̀bù bróòdà (ibi tí mo ti ń fi iná mú àwọn òròmọdìyẹ móoru) kú, mi ò tètè jí. Ìgbà tí màá débẹ̀ àwọn òròmọdìyẹ yòókù ti kó jọ sí kọ̀rọ̀ kan, eléyìí ló wà nísàlẹ̀ wọn, ọrùn ẹ̀ ti rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù nini. Mi ò kọ́kọ́ fún un lómi rárá, torí èyí tó ti tutù ò lè gbé e mì dáadáa, ó lè pá a lórí, àtẹ́lẹwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi bò ó, mo wá gbé e sínú páálí pẹ̀lú ike omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé. Nígbà tára ẹ̀ móoru ni mo po gúlúkóòsì díẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ń kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé e mì. Ìgbẹ́ tún ti gan mọ́ ọn nídìí, ẹ má fà á o, ara ẹ̀ á bó, òwú tí mo rẹ sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi rọra nù ún títí tó fi bọ́. Bróòdà ti padà sí bíi 33 dígírì, mo ti ra sítóòfù èédú sílẹ̀, fèrèsé á máa wà ní ṣíṣí torí èéfín. Láàárọ̀ yìí ló ké, ó sì rìn lọ sídìí oúnjẹ fúnra ẹ̀, inú mi dùn gan-an.