Bí a ṣe ń lo Plunder Chest nínú Mario Party 2 àti 3

Mario Party jẹ́ géèmù fídíò tí àwọn mẹ́rin ti ń ju dáìsì rìn lórí pátákó, tí wọ́n ń kó owó ẹyọ àti ìràwọ̀ jọ; ìràwọ̀ ló ṣe pàtàkì jù láti borí. Plunder Chest jẹ́ ọ̀kan nínú ohun èlò inú rẹ̀; má ṣí i kìkì nítorí pé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí àpótí yìí ń ṣe ni pé ó ń gba ohun èlò kan lọ́wọ́ alátakò, ó sì ń gbé e fún ẹni tó lò ó. Bí Mushroom lásán, tó kàn ń fúnni ní dáìsì kan sí i, ni àwọn tó kù ní, Mushroom náà ni wàá rí.

Àkókò ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Nínú géèmù méjèèjì, kí o tó ju dáìsì ni o ń lo ọ̀pọ̀ jù lọ ohun èlò, ẹyọ kan péré sì ni nígbà tó bá kàn ọ́. Ẹni tó ra Magic Lamp, fìtílà tó ń gbéni lọ síbi ìràwọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ti ju dáìsì tirẹ̀ ná kó tó débẹ̀, kò sì lè lò ó àfi ìgbà tó bá tún kàn án. Kó tó tún kàn án, ó ti kàn ọ́. Bóyá ìwọ lo kọ́kọ́ ń ṣeré ni o, bóyá ìwọ lo kẹ́yìn, bó ṣe máa rí nìyẹn. Nítorí náà má kánjú. Di àpótí rẹ mú, kí o máa wo àwòrán ohun èlò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kálukú, torí gbogbo yín lẹ ń rí i.

Òfin yìí kan náà lè yí padà sí ọ. O ò lè lo ohun tí o jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù yóò ṣeré ná. Bí àpótí mìíràn bá wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n lè gba Lamp náà lọ kí ó tó tún kàn ọ́. Wo èyí dáadáa kí o tó jalè.

Nínú Mario Party 2, ohun èlò kan ṣoṣo lo lè mú dání. Bí àpótí bá wà níbẹ̀, o ò lè ra nǹkan mìíràn, ibẹ̀ sì ni dídúró ti ń náni. Bí ìyípo bíi mẹ́ta bá ti kọjá tí nǹkan gidi kò jáde, jí Mushroom tó wà nílẹ̀, lò ó nígbà tó bá tún kàn ọ́, kí àyè lè ṣí sílẹ̀.

Mario Party 3 gbà ọ́ láyè mẹ́ta, àmọ́ ìwọ kọ́ lo máa yan èwo ni àpótí máa gbé nínú ohun èlò tó wà lọ́wọ́ alátakò. Ẹni tó ní Lamp pẹ̀lú Mushroom méjì, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìrètí rẹ lára rẹ̀. Bí Lamp náà bá wà ní òun nìkan, àkókò ti tó. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní ohun iyebíye fi yẹ kó fi ohun olówó pọ́ọ́kú kún ọwọ́ rẹ̀.

Ka owó rẹ náà. Lamp yóò gbé ọ dé ibi ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa san owó ẹyọ 20. Boo Bell, ìyẹn agogo kan, máa pe Boo, iwin tó ń bá ọ jalè lọ́wọ́ alátakò, wá, tí ó ń gba owó ẹyọ 5 kó tó jí owó, tí ó sì ń gba 50 kó tó jí ìràwọ̀. Bí o kò bá tilẹ̀ ní 50, tí alátakò rẹ sì ní in, gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀: o ti gba ìràwọ̀ ẹnì kan là, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ tìrẹ.

Ohun tí o bá jí ní ìyípo tó kẹ́yìn, o ò ní rí i lò. Síbẹ̀, bí ẹni tó ń ṣeré lẹ́yìn rẹ bá di Lamp mú, tí owó rẹ̀ sì tó 20, ṣí àpótí náà kí o tó ju dáìsì.