Ẹ Tọ́jú Èjìká àti Ọrùn Ọwọ́ Yín Kí Ọdún Ọlọ́jọ́ Tó Dé
Ẹ̀yin onílù ẹlẹgbẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa gé yín léjìká. Aṣọ fífẹ̀ tí a ṣẹ́ po ni kí ẹ fi gbé ìyáàlù dùndún kọ́, kí ìwúwo rẹ̀ má baà dúró sójú kan. Ọrùn ọwọ́ ni ó jẹ mí lógún jù. Ẹni tí ó bá di kọ̀ǹgọ́, ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù, mú pinpin títí oríkèé ìka rẹ̀ fi ń funfun, ìrora ni ó ń pè wá sára. Ẹ dẹ ọwọ́ díẹ̀, kí awọ ìlù fúnra rẹ̀ lè máa ta kọ̀ǹgọ́ padà. Ẹ máa sinmi ọwọ́ tí ń fún ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìlù, pẹ̀lú. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ gbé ìlù kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sì lọ, ẹ lọ rí dókítà.