Bí a ṣe ń wádìí ọjà kí a tó kó gàrí kúrò lábúlé

Àbúrò ìyá mi ń yan gàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Lọ́dún kan, a di àpò mẹ́rin, a kó o wá sí ọjà kan nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ tí a kò tíì tajà níbẹ̀ rí. Gàrí náà gbẹ dáadáa, kò ní ìdọ̀tí, hóró rẹ̀ tóbi, kò sì kan, nítorí bí àwa ṣe ń fi tẹ ẹ̀bà nílé nìyẹn. Àwọn alárobọ̀ bù ú, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n ní "Ó mà dáa o," wọ́n sì kọjá lọ. Èyí tó kúnná, tó sì kan, tí ọmọ iléèwé lè da omi tútù lé lórí kó sì mu, ni àwọn oníbàárà wọn ń béèrè. Ọjọ́ méjì la fi jókòó síbẹ̀. Owó ọkọ̀ jẹ èrè, ó sì tún jẹ nínú owó ọjà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé gàrí tó kan kò ju kí èèyàn fi gbágùúdá tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó yan án. Kò gba ẹ̀rọ mìíràn, kò gba ilẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín àwa àti ọjà yẹn, a kò sì mọ̀, torí a kò béèrè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àbúrò ìyá mi wádìí ọjà. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Gàrí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe láfún, wàrà, òróró ẹ̀pà tàbí èso kaṣú lè tọ ọ̀nà kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀

"Ṣé ọjà máa tà?" kò ní ìdáhùn. Ẹ sọ ìbéèrè yín di ohun tí ẹnìkan lè fi ẹnu rẹ̀ dáhùn: irú gàrí wo ni àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé ní àdúgbò Under G àti Adénikẹ̀ẹ́ ń rà, òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi ń rà á, ọwọ́ ta ni wọ́n sì ti ń rà á? Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé kékeré kan. Bí ẹ bá dé ọjà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gbé yín lọ síbòmíràn, ojú ewé yẹn ni kí ẹ ṣí.

Ẹ mọ iye tí kílò kan ń ná yín

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń yan gàrí mọ iye tí wọ́n tà á, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iye tó ná wọn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀: owó gbágùúdá, owó àwọn tó bó o, owó ẹ̀rọ ìlọ̀, owó fífún, igi ìdáná, owó ẹni tó yan án, àpò, ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ yan án, ẹ kọ iye tí ẹ bá san fún ẹlòmíràn. Kí gbágùúdá jẹ́ ti oko yín kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ẹ kọ iye tí wọn ì bá fi rà á lọ́wọ́ yín lóko.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gàrí tó jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò gbágùúdá tútù, nǹkan bíi kílò 20 sí 25 gàrí ló sábà máa ń jáde, ó sì wà lọ́wọ́ irú gbágùúdá, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bó ṣe gbẹ tó. Ká sọ pé kílò 400 gbágùúdá fún yín ní kílò 90 gàrí, tí gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦54,000. Kílò kan ná yín ní ₦600 nìyẹn. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí o; ẹ fi tiyín sí i.

Kóńgò ọjà kan kọ́ ni kóńgò ọjà kejì

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù láìsí ariwo. Ẹ yan ọjà mẹ́ta tí owó ọkọ̀ yín ká: bóyá ọjà oko kan tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjà Wásò, àti Sábó. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà kún. Ẹ ra kóńgò kan lọ́wọ́ ẹni méjì ní ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ so ọ́ sínú ọ̀rá, ẹ sì kọ orúkọ ọjà sára ọ̀rá náà. Ẹ má wọ̀n ọ́n lójú àwọn tó tà á fún yín, kí wọ́n má baà rò pé ẹ wá fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ilé ni kí ẹ ti fi síkéèlì wọ̀n ọ́n.

Ká ní lọ́jà àkọ́kọ́, kóńgò jẹ́ ₦1,000, tí síkéèlì sì ka kílò 1.4. Lọ́jà kejì, ó jẹ́ ₦1,050, tí síkéèlì ka kílò 1.6, torí pé wọ́n máa ń rọ òkè tente, wọ́n á sì tún bu ènì lé e. Ẹni tó bá fojú wò ó á ní ọjà kejì ló wọ́n jù. Ẹ wá pín in: ₦714 ni kílò kan lọ́jà àkọ́kọ́, ₦656 lọ́jà kejì. Lórí kílò 90, ó lé ní ₦5,000 tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kò sì tíì yọ owó ọkọ̀.

Iye tí ará ìlú ń rà á nìyẹn o. Alárobọ̀ kò ní fún yín ní iye yẹn, torí òun náà ní láti jèrè. Ẹ bi í pé èló ló ń gba àpò, kí ẹ sì wọn àpò náà pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn

A kọ́ wa nílé láti má jẹ́ kí ojú ti àlejò. Ìwà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ìwádìí jẹ́. Bí ẹ bá gbé gàrí lọ bá èèyàn tí ẹ ní "Ṣé ẹ máa rà á?", á ní "A máa rà á, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Bí ẹ bá kà á sí ìlérí, ẹ ti ṣi ìwé kà. "Mò ń bọ̀" àti "Ẹ jẹ́ n yíká ná" nínú ọjà, a ṣáà mọ ìtumọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ má béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Ohun tí wọ́n ti ṣe ni kí ẹ béèrè. Ìgbà wo lẹ ra gàrí gbẹ̀yìn? Èló lẹ rà? Ọjọ́ mélòó ló fi tán? Mímu lẹ fi ṣe àbí ẹ̀bà? Ǹjẹ́ ẹ ti fi ẹni tẹ́ ẹ ń bá rà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ló fà á? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń tú àṣírí ọjà. Ẹ óò gbọ́ iyanrìn, ẹ óò gbọ́ gàrí tó hu nítorí kò gbẹ, ẹ óò gbọ́ ẹni tí kóńgò rẹ̀ ti wọnú.

Sáà tún wà fún un. Ẹ má lọ bá ọlọ́jà láàárọ̀ kí ó tó rí àkọ́tà. Ẹni tó ń nájà tí kò rà kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rí nígbà yẹn. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá ti mú tí ọjà fà díẹ̀. Ẹ kí i: "Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Ìyá wa, ajé á wọgbá." Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ pé gàrí lẹ̀yin náà ń ṣe, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́. Ìyá ọlọ́jà kan tí mo sọ òótọ́ fún bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ ju gbogbo ogún ìwé ìbéèrè tí mo ti pín.

Ẹ bá tó èèyàn ogún sọ̀rọ̀ fún ìbéèrè kan. Bó bá ṣe pé láti orí ẹni kejìlá ni ẹ ti ń gbọ́ ohun kan náà, ẹ ti ń súnmọ́ ọn. Ẹ má sì ka àwọn mọ̀lẹ́bí àti ará ìjọ yín mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tí fóònù lè ṣe

Fóònù kò lè gbóòórùn gàrí, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dúró, ìwé àti báírò ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ẹ bá dé ìgboro, kí ọmọ kan nílé gbé e sínú Google Sheets, ìwé ìṣirò orí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ètò tó ń jẹ́ kí fáìlì ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nígboro. Ìlà mẹ́fà ti tó: ọjọ́, ọjà, iye kóńgò, ìwọ̀n kílò, irú gàrí, ohun tí ẹni náà sọ.

Fún àwọn ọmọ iléèwé gíga, Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì, dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè ju mẹ́fà lọ, ẹ sì fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ tún fojú sí ìgbà tí wọ́n wọlé àti ìgbà tí wọ́n jáde: bí iléèwé bá ti pa dé, ọjà àdúgbò yẹn á fà.

Fún ẹni tí kò kàwé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ní kó fi ohùn dáhùn. Ẹni tó bá ní fóònù kékeré, ẹ pè é.

WhatsApp Business yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́: ẹ lè to àwòrán ọjà àti iye rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sára oníbàárà, bíi "ti mímu", "ti ẹ̀bà", "alárobọ̀". Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nípa "broadcast", kìkì ẹni tó bá ti tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ ló máa rí i, ẹ kò sì lè kó ju èèyàn 256 lọ sínú àkójọ kan. Torí náà, bí oníbàárà bá sanwó tán, ẹ ní kó tọ́jú nọ́ńbà yín lójú yín níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tọ́jú tirẹ̀ náà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka gbígba àṣẹ sí ọ̀kan lára ọ̀nà tó bófin mu.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, NBS, máa ń gbé iye owó oúnjẹ jáde fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gàrí funfun àti pupa wà níbẹ̀. Ẹ fi wo bóyá owó ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀ láti oṣù sí oṣù. Ẹ má fi dá iye lé ọjà tiyín.

Ìrànlọ́wọ́, àti àwọn tó ń fi ìrànlọ́wọ́ ṣe jìbìtì

SMEDAN, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ń forúkọ àwọn oníṣòwò kéékèèké sílẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí gbágùúdá fún ọ̀pọ̀ ọdún, irúgbìn tó dára sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ di gàrí sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín kó lè wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ ó nílò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC fún orúkọ òwò àti lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC fún oúnjẹ náà. Ẹ fi owó yẹn kún ìṣirò kílò kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá pè yín pé owó ìrànwọ́ ti jáde, kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni. Ẹ gé ìpè náà.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú díẹ̀

Bí ìdáhùn bá ti jọ ara wọn, ẹ má tíì yan àpò mẹ́rin. Ẹ ṣe kílò 20. Ẹ fi ìdajì gbágùúdá tí ẹ lọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì yan ìdajì kejì bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ tà á fún èèyàn mẹ́wàá, ní iye tòótọ́. Ẹni tí ẹ fún lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè sọ fún yín bóyá á rà á. Ẹ kọ orúkọ wọn àti irú tí kálukú mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ bá wọn. Ẹ má béèrè bóyá ó dùn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ike gàrí wọn. Bó bá ti tán, ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ra òmíràn.