Àwòṣe afárá tí kò bá ìgbọ̀nrìrì tí mo wọ̀n mu: bí mo ṣe tún un ṣe
Ìgbọ̀nrìrì àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n lára afárá náà fi ìdá 10 nínú 100 yára ju ti àwòṣe inú kọ̀ǹpútà lọ. Bí a bá ní kọnkéré ló fà á, ó ní láti le sí i ní ìdá 21 nínú 100: kí ìyára tó di ìlọ́po 1.1, líle ní láti di ìlọ́po 1.1 lọ́nà 1.1, ìyẹn 1.21. Kọnkéré wo nìyẹn?

Mo fi MAC, nọ́ńbà láti 0 sí 1 tó ń sọ bí ìrísí ìgbọ̀nrìrì méjì ṣe jọra tó, so àwọn ìgbọ̀nrìrì tí mo wọ̀n pọ̀ mọ́ ti àwòṣe: ẹ̀kẹta tí mo wọ̀n, ẹ̀kẹrin ni nínú àwòṣe. Bí MAC bá sún mọ́ 0, wọn ò tan rárá.

Ibi tí afárá ti jókòó lórí òpó ni ọ̀rọ̀ wà. Ìpẹta ti dì í mú, ìyẹn ló jẹ́ kí afárá le ju àwòṣe lọ. Nínú àwòṣe, mo fi sípíríǹgì síbẹ̀, líle rẹ̀ nìkan ni mo ní kí kọ̀ǹpútà wá. Àwòṣe náà wá bá ohun tí mo wọ̀n mu, títí kan ìgbọ̀nrìrì karùn-ún tí mi ò lò nínú àtúnṣe.