Bí Èmi àti Àwọn Ọmọ Mi Ṣe Gbin Ẹ̀wà Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Kò sí ohun ìṣeré tí kì í sú ọmọdé nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sunkún lónìí á di ohun àpatì lọ́la. Torí náà, nígbà tí àwọn ọmọ mi gba ọlidé, iṣẹ́ gidi ni mo fà lé wọn lọ́wọ́: a gbin ẹ̀wà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a sì jọ tọ́jú rẹ̀ títí a fi ká a. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 5. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sún mọ́ ọdún 3. A ò ní ọgbà. Ibi tí oòrùn ń dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló gbà wá.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹ̀wà ni. Irúgbìn ata lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilẹ̀ kó tó yọjú, ọmọ ọdún 3 á sì ti gbàgbé pé òun gbin nǹkan kan. Ní ti ẹ̀wà, bí ooru bá ti tó, láàárín ọjọ́ 3 sí 7 ló ń hù. Hóró rẹ̀ kò kéré jù fún ìka ọmọdé, èyí tó bá sì ń tètè so lè ní èso láàárín bí oṣù méjì. Irú èyí tí kì í fà ni mo wá, kí n má baà máa wá ọ̀pá kiri. Mi ò fọwọ́ kan irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa lára, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n tàbí kó dà bíi ti ewé, torí ọwọ́ ọmọdé kì í pẹ́ dé ẹnu.

A rẹ díẹ̀ sómi mọ́jú. Láàárọ̀, mo gbé èyí tó ti wú àti èyí tó ṣì gbẹ lé wọn látẹ́lẹwọ́ kí wọ́n fi wé ara wọn. Lẹ́yìn náà mo bó ọ̀kan, mo là á sí méjì jẹ́jẹ́. Níbi tí apá méjèèjì ti so mọ́ra, nǹkan funfun kékeré kan wà níbẹ̀, ó ní ewé tínńtín méjì tó ká kò, pẹ̀lú ṣóńṣó kan nísàlẹ̀ tó máa di gbòǹgbò. Ẹ̀gbọ́n gbé e sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Bí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo ń sọ, ẹ la ẹ̀wà rírẹ kan fún ọmọ yín.

A ò tíì gbin èyíkéyìí sílẹ̀. Mo to tíṣù tútù sínú ife oníke tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, a sì fi ẹ̀wà há àárín tíṣù àti ara ife. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ohun tí ilẹ̀ máa ń fi pa mọ́. Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ewé. Àbúrò ló kọ́kọ́ rí i, ó pariwo pé, “Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ó ti yọ ìrù!” Nígbà tí ìrù náà gùn díẹ̀, mo dá ife náà dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ fi tẹ̀ kọrí sílẹ̀, torí gbòǹgbò máa ń wá ìsàlẹ̀ níbikíbi téèyàn bá dojú rẹ̀ kọ. Ife kan wà lójú fèrèsé, a gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Ti ojú fèrèsé dúdú mìnìjọ̀, ó tẹ̀ sápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ti inú òkùnkùn gùn gbọọrọ, ó funfun, kò sì lè dá dúró. Ẹ̀gbọ́n ní ebi oòrùn ló ń pa á, mi ò sì rí ohun tí mo máa fi kún un.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán létí ni a lò. Èmi fúnra mi ni mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, torí ẹ̀wà kì í fẹ́ kí omi dúró sí òun ní gbòǹgbò. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ po ilẹ̀dú mọ́ èèpo ẹ̀fọ́ tó ti jẹrà di ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì dé ìgbọ̀nwọ́. Ìka ọmọ ni a fi ṣe ìwọ̀n: kí ihò jìn dé oríkèé àkọ́kọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí àárín ihò kan sí èkejì sì tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ojúṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n á ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá gbẹ dé oríkèé ìka, á ní ká bomi rin ín. Bó bá tutù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bu omi. Ó mú ọ̀rọ̀ yìí le gan-an, kódà fún èmi. Àbúrò ló ń da omi sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú agolo tí mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí. Omi tí mo fi ṣan ẹ̀fọ́ ni à ń lò, bí kò bá ti ní ọṣẹ nínú.

Ohun tí mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni omi yẹn àti hóró ẹ̀wà. Ọmọ kékeré lè kú sínú omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, nítorí náà mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí omi bá wà nínú ohunkóhun, mo sì ń dà á nù lójú ẹsẹ̀. Omi tó bá dúró ní bí ọ̀sẹ̀ kan náà lè di ilé ẹ̀fọn. Ní ti ẹ̀wà, ọmọ lè ki hóró rẹ̀ bọ imú, á sì wú níbẹ̀. Iye hóró tí mo kó jáde ni mo máa ń kà padà. Tí a bá parí, ọṣẹ ló kàn.

Láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́, abẹ́ ìbòòji ni a ń wà. Mo fún wọn ní búrọ́ṣì àti omi kí wọ́n máa fi ya ògiri. Oòrùn á pa àwòrán náà rẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Iná ewé dúdú, ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewé mu, yọ sábẹ́ ewé tuntun, èèrà tó ń gòkè ló tú wọn fó. Omi lásán la fi fọ̀ wọ́n kúrò.

Nígbà tí ẹ̀wà yọ òdòdó, mo fa ìdí kan tu kí wọ́n lè rí gbòǹgbò. Kókó róbótó kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú kókó yẹn, tó ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tó sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi da ajílẹ̀ sí i. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, ewé ló máa pọ̀ ju èso lọ.

A fi àwọn èso náà sílẹ̀ lórí igi títí wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ ló pa wọ́n. A sè lára rẹ̀, a sì kó ìyókù sínú ìgò gbígbẹ fún ìgbà mìíràn. Mi ò fa gbòǹgbò tu. Mo gé igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí gbòǹgbò jẹrà sínú ilẹ̀ náà, ẹ̀fọ́ ni a sì gbìn lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ti ń ki ìka bọ̀ ọ́.